Ohun Tí Bàbá Gbà, Ṣé Ọmọ Ni Yóò Dá A Padà?

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìgbafẹ́ ni mo pè é nígbà tí mo ń di ẹrù. Nígbà tí mo fi máa padà délé, ó ti di ìbéèrè tí n kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí.

Ní Oṣù Kìíní ọdún yìí, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tí a jọ wà ní fẹ́lóṣíìpù ṣe ìgbéyàwó ní Bìní, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó. Mo gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, mo ní bí a bá ti ṣe ìgbéyàwó tán, n ó fi ọjọ́ tó kù wo ìlú. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé n kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti inú fẹ́lóṣíìpù jáde ni kò mọ bí a ṣe ń sinmi. Bí a bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ọkàn wa á máa dá wa lẹ́bi bí ẹni pé a sá lójú ogun. Ṣùgbọ́n Olúwa fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́yìn nínú Máàkù orí kẹfà pé kí wọ́n wá sinmi díẹ̀, nígbà tí èrò pọ̀ débi pé wọn kò ráyè jẹun. Mo gbà pé ìsinmi dára. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nígbà tí ọwọ́ ènìyàn bá dilẹ̀, etí rẹ̀ á là sí ohun tí ariwo iṣẹ́ ti ń bò mọ́lẹ̀.

Láti Ilé-Ifẹ̀ a gba Oǹdó, a já sí Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Kí a tó dé Ọ̀rẹ̀ ni a kọjá níwájú oríta kan tí a ń gbà lọ sí oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. N kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára fóònù mi. Láti Ọ̀rẹ̀ ó di inú igbó, a kọjá Ọ̀fọ̀sù, a wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó, a sì gba Ugbowo, níbi tí Yunifásítì Benin wà, wọ ìgboro.

Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, mo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà láàárín Oba Ovonramwen Square, ibi tí gbogbo ará ìlú ń pè ní Ring Road. Láti ibẹ̀ mo lọ sí Igun, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ idẹ. Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ náà níbẹ̀ láti ìrandíran, ààfin Ọba ni wọ́n sì ń ṣe é fún látilẹ̀wá. Mo dúró ti bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, lára ìda yẹn ni wọ́n á sì ti ya ojú, imú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e síná, ìda á yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ère méjì tó jọra pátápátá. Mo fi Pidgin bi bàbá náà pé bí idẹ kò bá dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣe ni àwọn á tún bẹ̀rẹ̀ látorí amọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1897. Ní Oṣù Kìíní ọdún náà, James Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti lọ sí Bìní bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọba ti ní kó dúró ná nítorí ọdún Igue tó ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa á lọ́nà, òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a lọ. Ní Oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Harry Rawson, ọ̀gágun ojú omi, ṣáájú wọn wọ ìlú. Ààfin jóná, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ. Wọ́n mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ni wọ́n sì wàjà sí ní 1914. Wọ́n ta púpọ̀ nínú ẹrù náà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì tàn káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. British Museum nìkan ní ohun tó lé ní 900 láti Bìní lọ́wọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra FESTAC ti 1977, tí a fi ère ojú Ìyá Ọba Idia ṣe àmì ayẹyẹ náà, a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yá wa ní ère náà, wọn kò gbà.

Ilé ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe alága fẹ́lóṣíìpù wa rí ni mo dé sí ní Ugbowo. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn inú mi ń ru. Bí a ti ń jẹ iyán, mo ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹjọ́ bí lọ́yà. Àbúrò ìyàwó wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹta, tẹ́tí sí mi títí, ó wá ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe òrìṣà ni àwọn nǹkan wọ̀nyẹn? Orí pẹpẹ ni wọ́n ti kó wọn. Bí òyìnbó bá bá wa kó òrìṣà kúrò nílùú, kí ló kàn wá nínú pé kí wọ́n dá a padà?”

Ìbéèrè gidi ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ló ń bi ara yín bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn orí idẹ náà, orí pẹpẹ àwọn ọba tó ti wàjà ni wọ́n wà. Òótọ́ náà sì ni pé ara òpó ààfin ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ pátákó idẹ mọ́, láti fi ṣe ìrántí ogun, ìjòyè, àti àwọn Potogí tó wá ṣòwò. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbà pé òrìṣà ni gbogbo rẹ̀. Nínú Róòmù orí kejì, Pọ́ọ̀lù bi ẹni tó ní òun kórìíra òrìṣà bóyá kì í ṣe òun kan náà ló ń ja ilé òrìṣà lólè. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kọkàndínlógún, ìwàásù Pọ́ọ̀lù ti ń ba ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà jẹ́ ní Éfésù, síbẹ̀ akọ̀wé ìlú jẹ́rìí níwájú èrò pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n mú wá kò ja ilé òrìṣà lólè. Pọ́ọ̀lù kò fara mọ́ òrìṣà wọn, kò sì fọwọ́ kan ẹrù wọn. Òfin tó ní kí a má jalè kò sọ pé àfi bí olóhun bá jẹ́ abọ̀rìṣà. Bí mo bá fẹ́ kí aládùúgbò mi fi òrìṣà sílẹ̀, ìhìn rere ni n ó gbé lọ bá a, kì í ṣe àpò ìkẹ́rù. Àwọn tó kó ẹrù Bìní kò sì kó o láti sun ún níná. Ọjà ni wọ́n kó o lọ.

Àbúrò wa mi orí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń kó àwo nílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ní, “Èyí tí ẹ sọ yẹn yé mi. Àmọ́ àwọn tó kó o ti kú tipẹ́. Ṣé Esekíẹ́lì orí kejìdínlógún kò sọ pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá? Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí ni tirẹ̀ nínú ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe?”

Mo ní èsì fún ìyẹn náà. Mo sọ ìtàn Mark Walker fún wọn, dókítà òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn ọmọ ogun 1897. Ohun méjì nínú ẹrù ogun náà ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: agogo kan àti ẹyẹ idẹ kan. Ìtàn Ẹdó sọ pé nígbà tí Ọba Esigie ń lọ jagun Idah, ẹyẹ kan ké pé ogun yóò ṣẹ́ wọn; Ọba ní kí wọ́n pa ẹyẹ náà, wọ́n lọ, wọ́n sì ṣẹ́gun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi idẹ ṣe ẹyẹ yẹn. Ní Oṣù Kẹfà 2014, Walker gbé ẹyẹ àti agogo náà wá sí Bìní fúnra rẹ̀, ó dá wọn padà fún ààfin. Òun kọ́ ló jí wọn. Bí ó bá fi wọ́n sínú ilé rẹ̀ títí yóò fi kú, kò sí ọlọ́pàá tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo tún rán Àǹtí létí ajogún méjì nínú Bíbélì. Nebukadinésárì ló kó ohun èlò tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì. Nígbà tó kú, ẹrù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Bẹliṣásárì bu wáìnì sí i, ó fi ṣe fàájì. Ẹ mọ ọwọ́ tó kọ̀wé sára ògiri lóru ọjọ́ yẹn. Kírúsì bá ẹrù kan náà nílé ìṣúra, ó ní kí wọ́n kà á, ó sì dá a padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀, 5,400 ni Ẹ́sírà kà á sí. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó kó ẹrù náà láti Jerúsálẹ́mù. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí kálukú ṣe sí ohun tó bá nílé. Mo wá fi òwe àwọn àgbà dé e: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo lọ sùn tayọ̀tayọ̀. Kí n tó pa iná, mo ní kí n ka Esekíẹ́lì orí kejìdínlógún náà wò, kí n lè rí ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ mi bí Àǹtí bá tún gbé e dé lówùúrọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ka orí náà fúnra yín. Òótọ́ ni pé ó ní ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá. Ṣùgbọ́n ó ka ìwà olódodo lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé olódodo a máa dá ohun tí onígbèsè fi dógò padà fún un. Ọ̀rọ̀ ògò yẹn ló gún mi. Mo pa Bíbélì dé. N kò rí oorun sùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún wọn nídìí iyán. Oko kòkó tí mo ní a kọjá oríta rẹ̀ yẹn, bàbá mi kò rà á. Ní 1988, aládùúgbò wọn kan lóko yá 3,000 náírà lọ́wọ́ wọn, ó sì fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Ìwé kan wà tí wọ́n kọ, ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ya nínú ìwé àjákọ, ìtẹ̀ka onígbèsè wà lábẹ́ rẹ̀. Àdéhùn náà ni pé ìgbàkígbà tó bá san owó náà, yóò gba oko rẹ̀. Ó kú ní 1996 láìsan án. Àwọn ọmọ rẹ̀ kéré nígbà náà, ìyá wọn kó wọn lọ sí Èkó. Nígbà tí bàbá mi kú ní 2011, èmi ni mo ṣí àpótí wọn. Mo rí ìwé náà. Mo kà á, mo ká a padà sínú àpótí, mo sì ti í.

Nínú àṣà wa, ohun tí a fi dógò kì í di ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo mọ èyí. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ọdọọdún la ń ká kòkó, la ń pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún. Ní 2024, nígbà tí owó kòkó gòkè lọ́jà àgbáyé dé ibi tí kò dé rí, ìpín tèmi ni mo fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́bí mi. Mo jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ. Mo ní Olúwa pèsè.

Lórí ibùsùn ní Ugbowo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwáwí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwáwí tí mo ti fọ́ yángá nídìí oúnjẹ ni. Ìkíní ni pé olóhun kò ní lè tọ́jú rẹ̀. Mo ti fi èyí rẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó: mo ní ní 2023, British Museum fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nǹkan bí 2,000 ohun ìní òun ti sọnù, ti bàjẹ́ tàbí pé wọ́n ti jí i. Ẹ̀gbọ́n sì fi kún un pé àwa náà kò mọ́. Ní 1973, Ọ̀gágun Gowon mú orí idẹ Bìní kan nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó lọ ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n kí ni èmi ń wí nípa àwọn ọmọ onígbèsè wa? Pé ará Èkó ni wọ́n, wọn kò mọ kòkó tọ́jú, oko yóò di igbó.

Ìkejì ni pé àwọn olóhun pàápàá ń jà láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ Bìní wí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì dá 20 padà ní Oṣù Kejìlá 2022. Ní 2023 Ààrẹ Buhari kéde pé Ọba Ewuare Kejì ló ni wọ́n. Ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà ní Oṣù Kẹfà 2025. Síbẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn tó ń fi ẹ̀hónú hàn ya wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun MOWAA ní Bìní, wọ́n dí ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti ní ìjà ilé kò sọ ẹrù ilé di ti àlejò. Ṣùgbọ́n èmi kan náà ló ti sọ fún ara mi pé mo gbọ́ pé àwọn ọmọ náà kò rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ìjà wọn ná.

Ìkẹta ni pé ẹnikẹ́ni kò béèrè. Èyí ló burú jù, nítorí pé àwọn tí kò béèrè kò mọ̀. Ìwé tí ìbá jẹ́ kí wọ́n mọ̀, inú àpótí mi ló wà.

Mo wá rí ohun tí Esekíẹ́lì ń sọ àti ohun tí kò sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kì í di tọmọ. Bàbá mi pàápàá kò ṣẹ̀ nígbà tí wọ́n yá ènìyàn lówó nígbà ìṣòro. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé yẹn ní 2011, tí mo sì ká a padà, tèmi ti bẹ̀rẹ̀. N kò jogún ẹ̀bi náà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Bákan náà ni ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù: kò ru ẹ̀bi 1897, àmọ́ bó bá dàgbà tó sì mọ ohun tó wà nínú àpótí, ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Wọ́n gbọ́ mi jáde, wọ́n ní, “Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé 3,000 náírà ni wọ́n máa san fún wa? Owó tí kò tó jẹun lẹ́ẹ̀mejì ní Ọ̀rẹ̀? Igi tí Bàbá tún gbìn ńkọ́?” Ìbéèrè wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Owó ti yí padà, bàbá wa sì gbin igi tuntun sí apá kan oko náà. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìyẹn, a lè jókòó ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkórè ọdún méjìdínlógójì ti san gbèsè náà, ó ti san igi, ó sì ti san òógùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n má pe àwọn lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Oko náà kì í ṣe ti èmi nìkan, n kò lè dá a padà fúnra mi. Ohun tó wà níkàáwọ́ mi ni mo ṣe. Mo wá àkọ́bí onígbèsè náà kàn ní Èkó ní Oṣù Kejì, mo fi ìwé náà hàn án, mo sì fún un ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó wo ìtẹ̀ka bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò ní ohunkóhun tí ọwọ́ bàbá òun kàn rí, àfi èyí. Kò bú mi, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé n kò ní gba ìpín nínú kòkó náà mọ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù nítorí ohun tí mo ti jẹ sẹ́yìn. Sáàkéù ní ìlọ́po mẹ́rin. Agbára mi kò tíì dé ìlọ́po kan. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbé fóònù mi. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí àwọn ló sin mí dé yunifásítì lẹ́yìn Bàbá.

N kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè yìn mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi pa ìwé náà mọ́, ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní ìyìn kankan láti gbà. Mo kọ ọ́ nítorí pé nínú wa tí a ń bínú sí ìjọba, sí òyìnbó àti sí àwọn olówó ìlú, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà tí ohun olóhun wà nílé rẹ̀: ìwé tó yá tí kò dá padà, owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣe akápò, tàbí ilẹ̀ bí tèmi. Ẹ máa bínú sí olè ńlá, ó tọ́. Àmọ́ bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, ẹ ṣí àpótí yín wò.

Ẹ sì bá mi gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí yóò lè dá ohun olóhun padà kí ó tó di pé wọ́n béèrè. Àmín.